Fífi Iṣẹ́ Olówó-Oṣù Sílẹ̀ Nítorí Fíìmù: Kí Ni Mùsùlùmí Yóò Wò Kí Ó Tó Gbéra?

   

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ìbéèrè kan wà tí ó ń padà wá bá wa léraléra lẹ́yìn asalátù àti lẹ́yìn ẹ̀kọ́ òpin ọ̀sẹ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà. Àwọn tí ń bi wá kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ti ka ìwé, ẹlòmíràn nínú wọn kò sì rìn jìnnà kí ó tó gboyè, Yunifásítì Èkó tí ó wà ní Àkọkà ni ó lọ. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ní ilé iṣẹ́ adójútòfò, ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù. Kí wọ́n tó kírun Súbùhì tán, ọ̀nà afárá Kẹta ni ọkàn wọn wà; wọn kì í padà délé kí Ìṣáì tó kọjá. Ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé: "Àfáà, ọkàn wa kò sí níbi iṣẹ́ yìí mọ́. Fíìmù ni a fẹ́ máa ṣe, fíìmù tiwa, tí ẹnikẹ́ni kò ní pàṣẹ lé wa lórí. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí a bá kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀? Ṣé kí a kàn gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun kí a fò ni?"

Ìdáhùn wa ní kúkúrú ni pé ẹ̀sìn kò de ẹnikẹ́ni mọ́ ìdí iṣẹ́ kan. Nínú Súrátul-Jumu'ah, ààyah 10, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé bí a bá kírun tán, kí a tú ká sórí ilẹ̀, kí a máa wá nínú oore Rẹ̀. Ilẹ̀ Ọlọ́hun sì fẹ̀ ju ilé iṣẹ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn kan náà kò ní kí a di ojú kí a tó fò. Ìbéèrè mẹ́rin ni a fẹ́ kí ẹni tí ó ń gbèrò ọ̀nà yìí bi ara rẹ̀. Kí a tó kà wọ́n, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó ti rìn ín ṣáájú.

ỌNÀ YÌÍ KÌ Í ṢE TUNTUN

Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀ṣọ́sà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọlọ́pàá ni. Ní 1945 ó dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi bọ́ aṣọ ọlọ́pàá, tí ó sọ eré di iṣẹ́ òòjọ́. Nígbà tí ó ṣe Yorùbá Ronú ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin dè é, kò rí àyè ṣeré ní agbègbè náà títí di 1966. Fíìmù Aiyé kò sì jáde títí di 1979. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ láàárín ọjọ́ tí ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ àti ọjọ́ tí fíìmù yìí jáde.

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ti ṣe iṣẹ́ wolé-wolé rí kí ó tó di ẹni tí tọmọdé tàgbà ń bá rẹ́rìn-ín. Ní 1982 ó gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde. Kí ó tó rí owó tí ó ná kó jọ, àwọn olè ti dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Òkìkí rẹ̀ kàn, àmọ́ gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Túndé Kèlání bẹ̀rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn, ó kọ́ṣẹ́ fíìmù ní London, ó bá BBC àti Reuters ṣiṣẹ́. Ó ti lo nǹkan bí ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kámẹ́rà kí ó tó dá ilé iṣẹ́ Mainframe sílẹ̀, tí Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ sì jáde ní 1993.

Èyí tí ó sún mọ́ ìbéèrè àwọn ọ̀dọ́ wa jù ni ti Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adéyẹmí Afọláyan tí a mọ̀ sí Adé Love. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fíìmù ni iṣẹ́ baba rẹ̀, iṣẹ́ báńkì ni òun kọ́kọ́ ṣe, tí ó sì ń ṣeré díẹ̀díẹ̀. Ó ti hàn nínú Ṣaworoidẹ ti Kèlání ní 1999. Nígbà tí ó wá pinnu láti sọ fíìmù di iṣẹ́, ó lọ kọ́ ọ ní New York Film Academy. Láti 2005 ni ó ti gbájú mọ́ ọn. Ìràpadà jáde ní 2006. Araromire, tí wọ́n tún ń pè ní The Figurine, jáde ní 2009, òun ni àwọn AMAA sì mú ní fíìmù tí ó dára jù lọ ní 2010.

Ní àdúgbò wa níhìn-ín pàápàá, iṣẹ́ yìí kì í ṣe àlejò. Bàrígà ni ẹgbẹ́ òṣèré Crown Troupe, tí Ṣẹ́gun Adéfilá dá sílẹ̀ ní 1996, fìdí sọlẹ̀ sí. Joseph Edgar, tí wọ́n ń pè ní Duke of Shomolu, sì wà nínú àwọn tí ó ti ìdí iṣẹ́ ìdókòwò bọ́ sí gbígbé eré orí ìtàgé jáde.

A kò sọ pé gbogbo ohun tí ó wà nínú fíìmù àwọn tí a dárúkọ wọ̀nyí ni ẹ̀sìn wa tẹ́wọ́ gbà. Oṣó, àjẹ́ àti òrìṣà pọ̀ nínú òmíràn. Ìrìn wọn ni a ń wò. Kò sí ẹni tí ó ti inú òfo fò nínú wọn. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ kọ́ ọ, ẹni tí ó ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ kí ó tó fi owó oṣù sílẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìyà jẹ, ìyà náà kò jẹ ẹ́ nítorí àìmọṣẹ́. Ibi owó ni ó ti wá.

ÌBÉÈRÈ KÌN-ÍN-NÍ: KÍ NI ÀNÍYÀN RẸ?

Gbogbo wa ni a mọ hàdíìsì tí Umar (R.A.) gbà wá, tí Bukhárí àti Muslim kọ sílẹ̀, pé àníyàn ni a fi ń díwọ̀n iṣẹ́, ohun tí olúkúlùkù bá sì gbà lérò ni yóò jẹ́ tirẹ̀. Ṣé nítorí kí o lè sọ òtítọ́ tí ó ń jó ọ lọ́kàn ni, àbí nítorí kí a lè máa ya fọ́tò rẹ níbi àríyá? Ṣé iṣẹ́ náà ni o fẹ́, àbí ọ̀gá rẹ ni o ń sá fún? Ẹni tí ó bá ń sá fún ọ̀gá kan, kí ó mọ̀ pé ọ̀gá pọ̀ nídìí fíìmù: olówó lọ̀gá, màkẹ́tà lọ̀gá, òṣèré tí orúkọ rẹ̀ tóbi lọ̀gá, òǹwòran lọ̀gá pátápátá.

A kò gbọ́dọ̀ pẹ́ níbí yìí, nítorí ohun tí ó wà nínú ọkàn, àárín ẹ̀dá àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ni.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ: TA NI Ó Ń JẸUN LỌ́WỌ́ RẸ?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń ka ààyah kejì àti ìkẹta Súrátut-Taláq fún wa, níbi tí Ọlọ́hun ti ṣe àdéhùn ọ̀nà àbáyọ fún ẹni tí ó bá bẹ̀rù Rẹ̀, pé Òun yóò pèsè fún un láti ibi tí kò rò. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tí àdéhùn náà ti bẹ̀rẹ̀: ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni. Ara ìbẹ̀rù Ọlọ́hun sì ni pé kí a má fi ẹ̀tọ́ àwọn tí Ó fi sí abẹ́ wa ṣeré. Abú Dáúdà gbà á wá pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.) sọ pé ó tó ẹ̀ṣẹ̀ fún ènìyàn kí ó pa àwọn tí ó yẹ kí ó máa bọ́ tì. Nígbà tí ọkùnrin kan sì bi í nípa ràkúnmí rẹ̀, ó ní kí ó so ó mọ́lẹ̀ ná kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Tirmidhí ni ó gba èyí wá.

Nítorí náà, ìwọ tí ìyàwó ń bẹ nílé rẹ, tí ọmọ rẹ ń lọ sí ilé-ìwé, tí ìyá tí ó ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì láti fi rán ọ níwèé ń retí nǹkan lọ́wọ́ rẹ lóṣooṣù, àwọn wọ̀nyí ni ràkúnmí tìrẹ. Bá wọn sọ̀rọ̀ kí o tó kọ̀wé. Má jẹ́ kí aya rẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé o ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìmọ̀ràn ṣíṣe jẹ́ ìwà tí Ọlọ́hun fi yin àwọn onígbàgbọ́ nínú Súrátu-Shúrá, ilé ẹni sì ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ arábìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́, owó rẹ tìrẹ ni lábẹ́ òfin Ìsìláàmù, ọkọ ni ìnáwó ilé wà lọ́rùn rẹ̀. Síbẹ̀ bí ẹ bá ti jọ ń ru ẹrù náà, ẹ jọ sọ ọ́.

Ohun tí a máa ń gba àwọn ọ̀dọ́ nímọ̀ràn ni èyí: san gbèsè rẹ kí o tó lọ. Kó oúnjẹ, owó ilé àti owó ilé-ìwé ọmọ tí ó tó ọdún kan pamọ́ sí ibi tí ọwọ́ fíìmù kò ní tó. Fi ọjọ́ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ṣe fíìmù kékeré kan tàbí méjì ná, kí o mọ̀ bóyá o lè parí ohun tí o bẹ̀rẹ̀. Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, òfin 2014 gba ẹni tí kò tíì tó 50 ọdún láyè pé bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá tí kò rí òmíràn, ó lè gbà tó ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin, owó tí ó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀. A ti rí àwọn tí ojú wọn wà lára owó yìí. Ẹ̀yin ará, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ lé fíìmù kan lórí. Sa'd ọmọ Abí Waqqás (R.A.) fẹ́ fi ọ̀pọ̀ dúkìá rẹ̀ ṣe sàráà nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, Ànábì (S.A.W.) sì dá a dúró sí ìdá kan nínú mẹ́ta, ó ní ó sàn kí ó fi àwọn àrólé rẹ̀ sílẹ̀ ní ọlọ́rọ̀ ju kí wọ́n máa tọrọ lọ. Bí sàráà bá ní ìwọ̀n, ṣé fíìmù ni kò ní ní?

Lẹ́yìn ìmọ̀ràn, kí o kí ìrun istikhárah, rákà méjì, pẹ̀lú àdúrà tí Jábir (R.A.) gbà wá. Ọ̀pọ̀ rò pé àlá ni èsì rẹ̀; wọ́n á máa sùn, wọ́n á máa retí kámẹ́rà lójú oorun. Hàdíìsì náà kò dárúkọ àlá. Ohun tí a tọrọ níbẹ̀ ni pé bí ọ̀nà náà bá dára fún ẹ̀sìn wa àti ìgbé ayé wa, kí Ọlọ́hun mú un rọrùn, bí kò bá dára, kí Ó yí i kúrò lọ́dọ̀ wa, kí Ó sì jẹ́ kí ọkàn wa gba ohun tí Ó yàn. Ṣe àdúrà náà, kí o sì máa wo bí ọ̀nà ṣe ń ṣí tàbí bí ó ṣe ń tì.

ÌBÉÈRÈ KẸTA: NÍBO NI OWÓ FÍÌMÙ TI Ń BỌ̀?

Ibí ni ó wù wá kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Àwọn kan wí fún wa pé nítorí owó èlé ni àwọn ṣe fẹ́ kúrò ní báńkì. A gbóríyìn fún wọn. Ọlọ́hun sọ nínú Súrátul-Bakárà, ààyah 275, pé Òun ṣe òwò ní ẹ̀tọ́, Òun sì ṣe èlé ní èèwọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe máa rí owó fíìmù, wọ́n á ní àwọn máa yá a. Lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ báńkì mìíràn, tàbí lọ́wọ́ àwọn ayánilówó orí fóònù.

Ẹ jẹ́ kí a rántí hàdíìsì tí Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Jábir (R.A.): Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.) ṣẹ́bi lé ẹni tí ń jẹ èlé, ẹni tí ń san án, ẹni tí ń kọ ọ́ sílẹ̀ àti ẹlẹ́rìí méjèèjì, ó sì ní bákan náà ni gbogbo wọn. Ẹni tí ó sá kúrò nídìí tábìlì akọ̀wé èlé, tí ó lọ jókòó sídìí tábìlì ẹni tí ń san èlé, kò tíì kúrò nínú yàrá náà. Àga ni ó pààrọ̀.

Kí a tilẹ̀ fi ti ẹ̀sìn sílẹ̀, kí a ṣírò ọ̀rọ̀ owó. Ká ní ènìyàn yá ₦5,000,000 ní èlé ìdá 25 nínú 100 lọ́dún kan. Kí ọdún tó yí po, ₦1,250,000 ti gorí rẹ̀. Fíìmù kì í ṣe ẹ̀fọ́ tí a ń tà lọ́jọ́ tí a já a. A ó kọ ìtàn, a ó yà á, a ó gé e, a ó wá ibi tí a ó ti fi hàn. Èlé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí olè bá wá jí i bí wọ́n ti ṣe fún Bàbá Sàlá, ta ni yóò san án?

Ọ̀nà àbáyọ wà. Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ti là á sílẹ̀ fún wa láti ọjọ́ pípẹ́. Mushárakah ni kí ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ da owó pọ̀. Bí ẹni márùn-ún bá mú ₦1,000,000 wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí èrè bá dé, ìpín báyìí ni ti olúkúlùkù. Bí òfò bá dé, kí olúkúlùkù gbà á ní ìwọ̀n owó tí ó mú wá. Mudárabah ni kí ẹnì kan mú owó wá, kí ẹnì kejì mú iṣẹ́ ọwọ́ wá. Èrè yóò jẹ́ ìpín tí wọ́n fẹnu kò sí. Bí òfò bá dé láìsí pé òṣìṣẹ́ náà hùwà àìtọ́ tàbí àìbìkítà, olówó pàdánù owó, òṣìṣẹ́ pàdánù làálàá rẹ̀. Ohun tí kò tọ́ nínú méjèèjì ni kí a sọ fún olówó pé, "₦200,000 ni èrè rẹ, ì báà ṣe pé fíìmù tà tàbí kò tà." Èlé ni ìyẹn, bí a tilẹ̀ pè é ní èrè. Àwọn báńkì tí kì í gba èlé sì wà ní orílẹ̀-èdè yìí tí ènìyàn lè lọ bá sọ̀rọ̀: Jaiz bẹ̀rẹ̀ ní 2012, TAJBank ní 2019, Lotus ní 2021.

Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Nígbà tí Abdurrahmán ọmọ Awf (R.A.) dé Mẹ̀dínà lọ́wọ́ òfo, Sa'd ọmọ Rabí' fi ìdajì ọrọ̀ rẹ̀ lọ̀ ọ́. Ó ṣàdúrà fún un, ó sì ní kí wọ́n fi ọ̀nà ọjà han òun. Wàrà gbígbẹ àti bọ́tà ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó sì wà nínú àwọn Sàhábà tí ó lówó jù lọ kí ó tó kú. Lónìí, fóònù kan àti ìtàn tí ó mọ́gbọ́n dání lè gbé fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dé orí YouTube. Wàrà gbígbẹ tìrẹ nìyẹn.

Kí a má gbàgbé àwọn tí ń bá wa ṣiṣẹ́. Ìbn Májah gbà á wá pé kí a san owó alágbàṣe kí òógùn ara rẹ̀ tó gbẹ. Ẹni tí ó gbé iná, ẹni tí ó se oúnjẹ, ọmọ ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú tí ó tẹ ìwé ìpolówó fíìmù, kò sí ẹni tí a lè fi "nígbà tí ó bá tà" dá lóhùn nínú wọn, àfi bí ó bá ti gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí a sì kọ owó oníbíà àti oní-tẹ́tẹ́ bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gbé wa lárugẹ.

ÌBÉÈRÈ KẸRIN: KÍ NI A Ó RÍ LÓJÚ FÍÌMÙ NÁÀ?

Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí eré ṣíṣe. Àwọn kan kórìíra rẹ̀ nítorí pé ẹni tí ń ṣe é ń pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́. Àwọn mìíràn gbà á láyè pẹ̀lú àdéhùn: kí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, kí ìhòòhò, ìfẹnukonu àti ìfọwọ́kàn láàárín ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ síra wọn má sí níbẹ̀, kí a má gbé ẹbọ ga, kí a má fi ẹ̀sìn ṣẹ̀sín, kí ìrun má sì kọjá nítorí pé "oòrùn ń wọ̀, ẹ jẹ́ kí a yà á tán." Ẹni tí ó bá lè pa àdéhùn wọ̀nyí mọ́, àwa kò ní dí i lọ́nà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe. Moustapha Akkad, ọmọ Aleppo ní ilẹ̀ Síríà, gbé fíìmù The Message jáde ní 1976 lórí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀sìn wa, kò sì fi ojú Ànábì (S.A.W.) hàn, kò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá. Ó ṣe é ní èdè Lárúbáwá, ó ṣe é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nílé níhìn-ín, Kèlání gbé Kò Ṣeé Gbé jáde ní 1995 láti inú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, lórí òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kan tí ó kọ̀ láti jẹ owó ẹ̀yìn. Irú ọ̀rọ̀ yẹn kò ha yẹ kí ó ti ọwọ́ Mùsùlùmí jáde bí?

Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ṣe ń ya àwòrán àfáà. Bí ó bá ti wé láwàní, tí ó mú tẹ̀sùbáà dání, oògùn owó ni yóò ṣe, tàbí kí ó máa fọ́ ilé onílé. Àwọn kan wà tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, a kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àfáà tí ń jí ní òru láti kọ́ ọmọ ní kéú dà? Ìyá oníhíjáàbù tí ń ta ata ní ọjà Bàrígà, tí kì í dín òṣùwọ̀n kù, dà? Bí a kò bá sọ ìtàn ara wa, ẹlòmíràn á bá wa sọ ọ́, bí ó bá ṣe yé e ni yóò sì ṣe sọ ọ́.

Ọ̀RỌ̀ SÍ ÀWỌN TÍ KÒ LỌ

Ọ̀rọ̀ kù fún àwa tí a kò ní ṣe fíìmù. Bí ọ̀dọ́ kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́nà tí ó tọ́, ẹ má bú u pé orí rẹ̀ ti yí. Bí ó bá wá owó tí kò ní èlé, kí àwọn ọlọ́rọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa dá mudárabah sílẹ̀ fún un, nítorí kò sí ohun tí ó yani lẹ́nu ju kí a máa wàásù pé èlé kò dára kí a sì di àpò wa pọ̀. Bí fíìmù rẹ̀ bá jáde, ẹ ra èyí tí ó jẹ́ ojúlówó. Ẹni tí ó bá ń fi fíìmù jíjí ránṣẹ́ láti orí fóònù kan sí òmíràn ń jẹ dúkìá ẹlòmíràn lọ́nà àìtọ́, Ọlọ́hun sì kọ̀ fún wa nínú Súrátun-Nisá'i, ààyah 29. Bí àwọ̀ ìbàdí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀ fún un, tí ó ní láti padà sẹ́nu iṣẹ́ olówó-oṣù, ẹ má fi ṣẹ̀sín. Ẹni tí ó gbìyànjú lọ́nà ẹ̀tọ́ kò pàdánù lọ́dọ̀ Olúwa rẹ̀.

Ìwọ tí o fẹ́ lọ, máa lọ ní orúkọ Ọlọ́hun, bí o bá ti dáhùn ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí. Ìwọ tí o fẹ́ dúró sẹ́nu iṣẹ́ rẹ, tí iṣẹ́ náà sì jẹ́ haláàlì, má rò pé o kéré. Owó oṣù tí a fi òtítọ́ gbà, tí a fi bọ́ òbí àti ọmọ, ìjọsìn ni.

A tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun kí Ó fi haláàlì Rẹ̀ tó wa kúrò níbi haráàmù, kí Ó fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa, kí Ó pa ojú wọn mọ́ kúrò níbi ohun tí kò tọ́ láti wò àti láti fi hàn, kí Ó bá wa bo àwọn ilé wa ní Ṣómólú, ní Bàrígà àti níbi gbogbo. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí a fi ẹ̀sìn wá ayé, kí a má sì fi ayé pàdánù ẹ̀sìn. Ámínì.